Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Eyín Wọn Gbẹ́yìn

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí a jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní kílíníìkì kíndìnrín àwọn ọmọdé, ọ̀rọ̀ eyín ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ní, "Eyín kẹ̀? Ọmọ tí a ń wá owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kiri, ta ló ń sọ ti eyín?" Ẹ kò jẹ̀bi. Nígbà tí ojú ọmọ bá wú láàárọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, eyín a di ohun tí a ó bojú tó bó bá yá. "Bó bá yá" yẹn ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Ẹnu ọmọ tó ní àìsàn kíndìnrín wà lára ìtọ́jú kíndìnrín náà gan-an, àwa òbí nìkan la sì ń wọ yàrá dókítà kíndìnrín tí a tún ń wọ yàrá dókítà eyín. Bí a kò bá gbé ọ̀rọ̀ láti yàrá kan dé èkejì, kò dájú pé ẹlòmíràn yóò gbé e.

Iṣẹ́ kíndìnrín ju kó sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ. Òun ló ń sọ fítámì D di èyí tí ara lè lò. Òun náà ló ń rí i pé kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ jù, wọn kò sì kéré jù. Ohun tí egungun fi ń le nìyí, ohun tí eyín fi ń le náà sì nìyí. Eyín àgbà kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá hù. Eyín ẹ̀yìn àkọ́kọ́, èyí tó máa ń yọ nígbà tí ọmọ bá tó ọdún 6, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá nínú egungun àgbọ̀n láti ìgbà tí wọ́n bí ọmọ náà. Àwọn eyín iwájú tí yóò rọ́pò eyín àkọ́hù ti ń dá láti ìgbà tí ọmọ kò tíì pé ọdún kan, wọn a sì máa bá a lọ títí yóò fi tó ọdún 4 tàbí 5. Nítorí náà, bí kíndìnrín bá dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọmọ wà ní ọdún 2, ó lè jẹ́ ọdún 7 tàbí 8 ni a ó tó rí àpẹẹrẹ rẹ̀ lẹ́nu: àmì funfun tàbí àmì pupa rúsúrúsú lára eyín, ojú eyín tó ní kòtò kéékèèké, eyín tó tètè ń ṣẹ́ létí. Nígbà míì, eyín náà yóò pẹ́ kó tó hù.

Ọmọbìnrin mi ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lára eyín iwájú méjèèjì. Àwọn ìbátan a máa sọ pé bóyá mi ò fọ ẹnu rẹ̀ dáadáa nígbà tó wà ní kékeré. Mo ń sọ èyí fún ìyá tó bá ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: búrọ́ọ̀ṣì kò dé ibi tí eyín yẹn ti dá. Ìgbà tí àìsàn náà le koko ni àmì yẹn wọlé. Ohun tó kàn wá ni pé eyín tí ara òde rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú ju ti ọmọ mìíràn lọ, dókítà eyín sì ní ohun tó lè fi bò ó kó má baà máa ta ọmọ nígbà tó bá mu omi tútù. Ẹ má jókòó ti i pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a.

Ní ilẹ̀ wa, ìgbà tí eyín ọmọ hù àti ibi tó ti kọ́kọ́ hù jẹ́ ohun tí àwọn àgbà ń wò gidigidi. Ọmọ tí eyín òkè rẹ̀ bá ṣáájú ti ìsàlẹ̀, ẹnu á máa kùn ún. Ọmọ tí eyín rẹ̀ bá pẹ́, àwọn kan á ní wọ́n ń ṣe é ni. Mo bẹ̀ yín, bí ọmọ tó ní àìsàn kíndìnrín bá pẹ́ kó tó hu eyín, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ bóyá ó ti yẹ̀ ẹ́ wò pé fítámì D àti kálísíọ̀mù rẹ̀ pé. Ìdáhùn lè wà níbẹ̀.

Ohun kan wà nínú ẹnu àwọn ọmọ wa tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kòkòrò kì í tètè jẹ eyín wọn, pàápàá àwọn tí kíndìnrín wọn ti lẹ̀ gan-an. Yúríà, ìyẹn ìdọ̀tí tí kíndìnrín kò lè sẹ́ dànù mọ́, máa ń kún ẹ̀jẹ̀, á sì tún dé inú itọ́ ẹnu. Àwọn kòkòrò inú ẹnu á sọ ọ́ di amóníà, amóníà á sì pa agbára omi kíkan tó fẹ́ jẹ eyín. Ó dà bí oore, ṣùgbọ́n ó ní ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ gbára lé e. Itọ́ yìí kan náà ló ń jẹ́ kí ìdọ̀tí tètè gan mọ́ eyín, kó le, kó di ohun tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè bọ́ mọ́, tí dókítà eyín nìkan lè fi irinṣẹ́ rẹ̀ yọ. Ìdọ̀tí yìí ló ń mú kí ẹran ìdí eyín wú, kó pọ́n, kó máa ṣẹ̀jẹ̀.

Èyí tó burú jù nínú oore yẹn ni pé kò lọ títí. Bí wọ́n bá pààrọ̀ kíndìnrín fún ọmọ, tí kíndìnrín tuntun sì ń ṣiṣẹ́, yúríà inú itọ́ á lọ sílẹ̀. Eyín tí kò bàjẹ́ láti ọjọ́ yìí wá kò ní aláàbò mọ́. Ọmọ tí a ti fi súìtì àti bísíkíìtì kẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a ń wí pé "ẹ wò ó, eyín rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan," ìgbà náà ni eyín rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, nígbà tó tún ń lo oògùn tó ń dín agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà kù. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, nítorí mo mọ bí àánú ṣe ń mú wa. Ọmọ tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, tí wọn kò jẹ́ kó fi iyọ̀ sí oúnjẹ, tí wọ́n ń wọn omi fún, kí ló kù tí a ó fi tu ú nínú? Àlejò dé, ó gbé mínírà àti mọ́ọ̀tì wá. Ìyá àgbà dé, ó gbé kéèkì wá. Gbogbo wa ló ń fi ohun dídùn sọ fún ọmọ pé a fẹ́ràn rẹ̀. Ìfẹ́ náà tọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ìwé àwòrán, bọ́ọ̀lù, tàbí kí wọ́n jókòó kí wọ́n pa àlọ́ fún un náà jẹ́ ẹ̀bùn. Bí ó bá sì di dandan kó jẹ ohun dídùn, kó jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ, kó tán síbẹ̀. Lílá súìtì láti àárọ̀ di alẹ́ ló ń ba eyín jẹ́ jù, nítorí eyín kì í ráyè sinmi.

Yúríà yìí náà ló fa òórùn ẹnu. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí a sọ ọ́. Ẹnu ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè máa rùn, òórùn tó súnmọ́ ti ìtọ̀, kí ọmọ náà sì máa sọ pé oúnjẹ ń dùn òun bí irin lẹ́nu. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á máa fi í ṣẹlẹ́yà. Nígbà míì, àwa òbí fúnra wa la kọ́kọ́ ń sọ ọ́: "Lọ fọ ẹnu rẹ, ẹnu rẹ ń rùn." A ti kọ́ àwọn ọmọ wa láti kékeré pé kí wọ́n fọ ẹnu kí wọ́n tó kí èèyàn láàárọ̀, ẹ̀kọ́ tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti fọ ẹnu tán tí òórùn náà ṣì wà kò jẹ̀bi nǹkan kan, ẹnì kankan kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó rò pé ọ̀bùn ni òun. Bí òórùn náà bá ń pọ̀ sí i lójijì, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín tó lágbára la ó sáré rà. Kí a sọ fún dókítà kíndìnrín, nítorí ó lè jẹ́ pé yúríà inú ẹ̀jẹ̀ ti gòkè. Kí a sì jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ láti ẹnu wa, lédè tó yé e, pé kíndìnrín òun ló ń fa èyí, ìwà ọ̀bùn kọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹran ìdí eyín tó ń wú náà tún wà. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ wa fún ẹ̀jẹ̀ ríru, bíi nifedipine àti amlodipine. Òmíràn wà tí wọ́n ń fún wọn kí ara má baà kọ kíndìnrín tuntun, tàbí fún nephrotic syndrome (àìsàn tí kíndìnrín fi ń da protein sínú ìtọ̀) tó kọ̀ tí kò gbọ́ oògùn, ìyẹn ciclosporin. Àwọn oògùn yìí lè mú kí ẹran ìdí eyín pọ̀, kó máa yọ síta, kó bo eyín. Mo ti rí ọmọ tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín nítorí èyí. Ẹ má fúnra yín dá oògùn náà dúró o. Ohun tí a lè ṣe nílé ni kí ẹnu mọ́, nítorí ibi tí ìdọ̀tí bá pọ̀ ni ẹran náà ti ń wú jù. Ohun tí dókítà lè ṣe ni kó wò ó bóyá òmíràn wà tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀, kí dókítà eyín sì mọ̀ pé oògùn náà ló fà á, kí wọ́n má baà máa wá àìsàn mìíràn kiri. Ẹran ìdí eyín tó funfun gbòò, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: àìtó ẹ̀jẹ̀ ni ó sábà ń tọ́ka sí, ó sì wọ́pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa nítorí kíndìnrín ló ń ṣe ohun tó ń rán mùdùnmúdùn inú egungun níṣẹ́ pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá dúró díẹ̀ lórí ìrora eyín, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù.

Ọmọ àwa Yorùbá kì í ṣàìsàn láàárín oṣù kẹfà sí ọdún kejì kí a má sọ pé eyín ló ń hù. Ó ń yàgbẹ́ gbuuru, eyín ni. Ara rẹ̀ gbóná, eyín ni. Kò jẹun, eyín ni. Lóòótọ́, eyín tó ń hù lè mú kí ọmọ máa da itọ́, kó máa jẹ ìka, kó máa sunkún lóru. Ṣùgbọ́n ibà gidi àti ìgbẹ́ gbuuru kì í ṣe ti eyín, àrùn mìíràn ló ń fà á. Ìgbàgbọ́ pé eyín ni ló ń rán wa lọ sí kẹ́míìsì lọ ra omi oògùn eyín. Ní ìparí ọdún 2008, irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan wà lọ́jà ní Nàìjíríà tó ń jẹ́ My Pikin. Èròjà tí wọ́n fi pò ó ti ní diethylene glycol nínú, kẹ́míkà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò nínú omi búréèkì ọkọ̀. Kíndìnrín àwọn ọmọ náà ni májèlé yìí bà jẹ́. Àwọn ọmọ tí ara wọn le, tí àìsàn kankan kò ṣe tẹ́lẹ̀, kò lè tọ̀ mọ́. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn àti oúnjẹ, kó oògùn náà kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di oṣù kejì ọdún 2009, iye ọmọ tí ìjọba kéde pé ó ti kú jẹ́ 84. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán òṣìṣẹ́ méjì nínú ilé iṣẹ́ tó ṣe é lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje-méje.

Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn. Ní ọdún 1990, oògùn paracetamol olómi tí májèlé kan náà wà nínú rẹ̀ pa àwọn ọmọ ní Ìbàdàn àti ní Jos. Ìgbà ìkẹyìn kọ́ sì ni: ní ọdún 2022, oògùn ikọ́ olómi ṣe irú ibi kan náà ní orílẹ̀-èdè Gáńbíà, kíndìnrín ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Mo ń ka èyí fún yín kí a lè mọ bí ọ̀nà láti inú eyín dé inú kíndìnrín ṣe kúrú tó nínú ilé tiwa. Àwọn ìyá tó fún ọmọ wọn ní oògùn yẹn, ìrora ọmọ ni wọ́n fẹ́ tu. Àwọn ọmọ yẹn sì jẹ́ ọmọ tí kíndìnrín wọn pé tẹ́lẹ̀. Ọmọ tiwa wá ńkọ́?

Kì í ṣe oògùn tí májèlé wà nínú rẹ̀ nìkan ló léwu fún àwọn ọmọ wa. Oògùn gidi, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, tí aládùúgbò ń fún ọmọ tirẹ̀ láìsí wàhálà, lè ṣe ọmọ wa ní jàǹbá. Ibuprofen, diclofenac àti aspirin máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú kíndìnrín kù, wọ́n sì lè mú kí ọmọ máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí eyín bá ń dun ọmọ tó ní àìsàn kíndìnrín, paracetamol ni àwọn dókítà sábà máa ń fọwọ́ sí, ní ìwọ̀n tí wọ́n bá kọ fún un. Àwọn oògùn kan tó ń pa kòkòrò àrùn, irú gentamicin, lè ba kíndìnrín jẹ́. Tetracycline máa ń sọ eyín ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 di aláwọ̀ pupa rúsúrúsú títí ayé. Amoxicillin pàápàá, tí gbogbo wa mọ̀, wọ́n lè ní láti dín ìwọ̀n rẹ̀ kù fún ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ ti lẹ̀. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ fúnra wa ra oògùn ní kẹ́míìsì nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú.

Ti àgbo náà ńkọ́? Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ burúkú kan àwọn ìyá wa àgbà tó ń se é, ìfẹ́ ló ń mú wọn se é. Ṣùgbọ́n a kò mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀, kíndìnrín tó ń ṣàìsàn kò sì lágbára láti sẹ́ ohun tí a kò mọ̀. Ẹ má gbé e fún ọmọ yìí. Èyí tí mo rí tó tún burú jù ni kí wọ́n kó aáṣáà tàbí omi bátìrì sí ojú ihò eyín. Omi bátìrì ń jó ẹran ẹnu. Omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ dára, bí ọmọ bá lè fi yọ ẹnu kó sì tu ú dànù. Ẹ kíyè sí i pé kò gbé e mì, nítorí iyọ̀ tí a ń yọ kúrò nínú ọbẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà yìí wọlé.

Ó tún kù. Ọmọ tó ní nephrotic syndrome máa ń wú lójú, àwa òbí rẹ̀ sì ti mọ wíwú ojú mọ́ra débi pé a lè gbójú fo èyí tó jẹ́ ti eyín. Wíwú ti kíndìnrín máa ń kan ìpéǹpéjú méjèèjì, ó máa ń pọ̀ láàárọ̀, bí ọjọ́ bá sì ń lọ yóò máa lọ sísàlẹ̀ sí ẹsẹ̀. Wíwú ti eyín wà lápá kan, ó gbóná, ó ń dun ọmọ bí a bá fọwọ́ kàn án, ó sì lè ní ibà nínú. Èyí kejì yìí, ọjọ́ náà gan-an la ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ tó ń lo prednisolone, tó jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù, lè má fi bẹ́ẹ̀ ní ibà, kó má sì fi bẹ́ẹ̀ pariwo, nígbà tí àrùn náà ń jà nínú. Àrùn inú ara sì lè mú kí nephrotic syndrome tó ti sùn tún jí. Mo mọ bó ṣe ń rí láti tún rí àmì protein nínú ìtọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ó ti mọ́. Kí eyín kan tí a lè dí ní ìrọ̀rùn máa mú wa padà síbẹ̀, ìyà yẹn pọ̀ jù.

Bí dókítà eyín bá ní ó di dandan kí a yọ eyín, ẹ má jókòó sórí àga rẹ̀ láìsí ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà kíndìnrín. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ló wà tó nílò ìdáhùn. Ọmọ tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀rọ dáyálísíìsì máa ń gba heparin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú ẹ̀rọ, nítorí náà ọjọ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ ló sàn láti yọ eyín, kì í ṣe ọjọ́ kan náà. Yúríà tó pọ̀ fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Ọmọ tó ti lo sítẹ́rọ́ọ̀dù pẹ́, ara rẹ̀ lè nílò àfikún kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru, iye ẹ̀jẹ̀ tó wà lára, bóyá ó nílò oògùn ìdènà àrùn ṣáájú, gbogbo rẹ̀ yẹ kó wà nínú ìwé. Bí ọmọ bá sì ní ibi tí wọ́n so iṣan rẹ̀ pọ̀ ní apá fún dáyálísíìsì, kí a sọ fún nọ́ọ̀sì kó má fi ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru sí apá yẹn.

Ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó, tàbí ti yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ ní dókítà ọmọdé àti dókítà eyín lábẹ́ orúkọ kan, ṣùgbọ́n ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, káàdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ kó ọwọ́ náà jọ. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan fún ọmọ mi. Orúkọ àwọn oògùn rẹ̀ àti ìwọ̀n wọn wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n yí wọn padà, àbájáde àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, ohun tí ara rẹ̀ kò fẹ́. Dókítà kọ̀ọ̀kan tó bá rí i ń kọ ohun tó ṣe sínú rẹ̀. Wọ́n máa ń dúpẹ́ nígbà tí mo bá gbé e lé wọn lọ́wọ́, nítorí òbí tó mú irú rẹ̀ wá kò wọ́pọ̀.

Ti ojoojúmọ́ kò le. Láti ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ bá yọ ni kí a ti máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ti alẹ́ má yẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì ni kí a lò, ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kékeré kan láti ìgbà náà títí di ọdún 6. Kíndìnrín ló ń yọ fúlóráìdì tí ọmọ bá gbé mì kúrò lára, nítorí náà ọmọ tiwa gbọ́dọ̀ kọ́ láti tu ọṣẹ dànù, kí a dúró tì í títí yóò fi tó ọdún 7 tàbí 8. Mo mọ̀ pé pákò jẹ́ ohun tí gbogbo wa dàgbà sí, orín àtà sì ṣì wà lẹ́nu àwọn bàbá wa tí eyín wọn le títí di òní. Mi ò ní kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ ń tètè ṣẹ̀jẹ̀, ohun rírọ̀ ló sàn.

Oògùn olómi tí wọ́n fi ṣúgà pò, kí a fún un mọ́ oúnjẹ bí dókítà bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ọmọ sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó ń mú lóru kó tó sùn ló ń ba eyín jẹ́ jù, nítorí itọ́ kì í pọ̀ lójú oorun. Bí ọmọ bá bì, kí a má ṣe fọ eyín lójú ẹsẹ̀. Omi kíkan inú ikùn ti rọ ojú eyín, búrọ́ọ̀ṣì á wá máa ha á. Kó fi omi yọ ẹnu, kó dúró fún bí ìdajì wákàtí, kó tó fọ̀ ọ́. Òùngbẹ ọmọ tí wọ́n ń wọn omi fún ni èyí tí mo rí i pé ó nira jù. Omi tí a fi yọ ẹnu tí a sì tu dànù kò wọ inú ìwọ̀n tí wọ́n fún un, ó sì ń fún un ní ìsinmi díẹ̀. Yìnyín kékeré tó ń lá wà lára omi tó ń mu, kí a kà á mọ́ ọn. Súìtì tí wọ́n ní kó máa lá kí ẹnu rẹ̀ má baà gbẹ, kí ó jẹ́ èyí tí kò ní ṣúgà, bí ó bá ti dàgbà tó láti lá a láìgbé e mì.

Fún àwa tí a ń retí pípààrọ̀ kíndìnrín, ọ̀rọ̀ eyín ti wà nínú ètò náà láìjẹ́ pé a yàn án. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn St Nicholas ní Èkó ní ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti kọ́ pé ohun gbogbo lè ti pé, owó lè ti pé, ẹni tí yóò fún ọmọ ní kíndìnrín lè ti wà, ṣùgbọ́n bí àrùn bá wà nínú ẹnu, wọ́n ní láti tọ́jú rẹ̀ ná. Oògùn tí ọmọ yóò máa lò lẹ́yìn náà kì í jẹ́ kí ara lè bá àrùn jà dáadáa, eyín tó jẹrà sì lè di ìdí àìsàn ńlá. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà eyín nísinsìnyí tí àkókò wà, kí eyín má baà jẹ́ ohun tó dá ọjọ́ náà dúró.

Ohun tó kù ni ọmọ fúnra rẹ̀. Àwa kò ní wà níbi gbogbo. Tíṣà lè fún un ní oògùn orí fífọ́, àǹtí lè fún un ní oògùn eyín ní ọdún iléyá tàbí Kérésì. Ẹ̀kọ́ ilé tí a kọ́ wọn ni pé ọmọ kì í dá àgbà lóhùn, kì í sì í kọ ohun tí àgbà bá fún un. Mo ti ń kọ́ ọmọ mi ní àfikún kan: kó kúnlẹ̀, kó dúpẹ́, kó sì sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, kíndìnrín mi kò ní jẹ́ kí n lo oògùn tí dókítà mi kò mọ̀. Ẹ pe Ìyá mi." Ó ń sọ ọ́ láìbẹ̀rù báyìí, àwọn àgbà sì ń gbọ́ ọ, nítorí ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìwé kékeré tó ní orúkọ ibuprofen, diclofenac àti aspirin àti nọ́ńbà fóònù mi wà nínú àpò ìwé rẹ̀, tíṣà rẹ̀ sì ní ẹ̀dà kan. Bí sáà ilé ìwé tuntun bá wọlé, ẹ kọ tiyín.